Ta Ló Sọ̀rọ̀ Nínú Ihò Nestor?

Ẹnìkan ti fi orúnkún méjèèjì tẹ òkú náà mọ́lẹ̀. Ohun tí Almaskhan kọ́kọ́ rí nìyẹn, kó tó wo ọrùn, kó tó wo ojú. Àpá eruku méjì wà lẹ́yìn ẹ̀wù dúdú tí Nestor wọ̀, wọ́n rí roboto, wọ́n sì jìnnà síra bí orúnkún ẹni tó bá kúnlẹ̀ ṣe ń jìnnà síra.

"Wò ó," ó sọ fún Tedo, ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé e wá. "Ẹni tó pa bàbá yìí tún wá fi ṣe tìmùtìmù."

Tedo ń jẹ àsálà. Ó sáré gbé e mì. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òkú ṣàwàdà."

"Àwàdà kọ́. Ó kúnlẹ̀ lé e lórí, ó sì pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Fà á síta."

Wọ́n jọ fa Nestor jáde. Àká wáìnì ni wọ́n sọ di ilé eré ní ìlú Zvareti. Wọ́n fi pákó bo ẹnu àwọn ìkòkò ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, pákó yẹn sì ni orí ìtàgé. Níwájú ìtàgé gan-an, wọ́n gbẹ́ ihò kan tí wọ́n fi ìbòrí igi dé, kí àwọn èèyàn má baà rí inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Nestor, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń jókòó sí pẹ̀lú àbẹ́là àti ìwé eré, tí yóò máa fọhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí òṣèré tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lábẹ́ ìtàgé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ àjàrà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọ ihò náà.

Wọ́n ti fún bàbá náà lọ́rùn pa. Ojú rẹ̀ ti wú, ahọ́n rẹ̀ sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n yí i padà, àbẹ́là kan wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ó ti ṣẹ́ sí méjì. Ọ̀rá rẹ̀ ti dà sí apá ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ti dì.

Gbogbo ìlú ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná. Almaskhan fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó wòran, torí ẹjọ́ àgùntàn kan ló gbé e wá sí Zvareti láti ìlú Telavi. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ sì burú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí obìnrin máa gun orí ìtàgé nílùú náà. Tẹ́lẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n máa ń wọ síkẹ́ẹ̀tì fún. Efemia lorúkọ ọmọbìnrin náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Nínú eré yẹn, àwọn ọlọ́ṣà jí ọmọbìnrin kan gbé. Ní apá kẹta, ó sá padà wálé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó yẹ kó sọ pé: "Bàbá, ẹ má bi mí ibi tí mo sùn. Ọlọ́run nìkan ló ṣọ́ mi."

Ohun tí Efemia sọ ni: "Bàbá, ẹ má bi mí ibi tí mo sùn. Ẹ bi Rostom."

Kò sí Rostom kankan nínú eré náà. Ọmọ ìjòyè tó ni àká wáìnì ni Rostom, òun náà sì wà lórí ìtàgé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Efemia, ó ń ṣe jagunjagun. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, àwọn obìnrin ń tutọ́. Almaskhan pàápàá rẹ́rìn-ín. Gigla, ẹ̀gbọ́n Efemia, tó jẹ́ alápatà, fò gun orí ìtàgé. Ó fi irun àbúrò rẹ̀ wé ọwọ́, ó sì wọ́ ọ gba àárín èrò kọjá títí dé ojú títì. Àwọn èèyàn yà lọ́nà fún un. Kò sẹ́ni tó rántí Nestor nínú ihò.

"Gigla ni," Tedo sọ. "Bàbá yìí ló fi ọ̀rọ̀ burúkú yẹn sí i lẹ́nu. Gigla padà wá, ó fún un lọ́rùn. Gbogbo ọjà ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Tí ọjà bá mọ̀ ọ́n, kí ni wọ́n ń sanwó fún èmi sí?" Almaskhan bẹ̀rẹ̀ wo ọrùn òkú náà. Ó fi èékánná fa fọ́nrán irun méjì yọ nínú ojú ọgbẹ́, ó wé e sínú áńkáṣíìfù rẹ̀.

"Irun obìnrin," Tedo sọ. "Ha! Àbí ọmọbìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ni?"

"Jẹ́ ká lọ bi í."

*

Gigla dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ màlúù lápá. Kò yà fún wọn.

"Ìwọ lo pa Nestor?" Almaskhan bi í.

"Mo fẹ́ pa á. Láàárọ̀ yìí ni mo fẹ́ lọ. Ẹnìkan ti ṣe é ṣáájú mi, kí Ọlọ́run san án fún un."

"Lálẹ́ àná ńkọ́?"

"Mo wà nílé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. Gbogbo aládùúgbò ló gbọ́ igbe àbúrò mi. Bi ẹni tó bá wù ọ́."

Kò purọ́. Àwọn aládùúgbò ti rò ó fún Tedo tẹ̀ríntẹ̀rín kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan tilẹ̀ gbé àga síta kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

Inú yàrá tí wọ́n ń kó ọ̀rá àti iyọ̀ sí ni Efemia wà. Ó jókòó sílẹ̀, wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro, awọ orí náà sì ti bó níbi mélòó kan. Irun rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbá a. Almaskhan bẹ̀rẹ̀, ó mú díẹ̀ níbẹ̀, ó fi wé èyí tó wà nínú áńkáṣíìfù rẹ̀. Ti Efemia pọ́n díẹ̀, ó sì rọ̀. Èyí tó ti inú ọgbẹ́ jáde dúdú, ó sì le bí ìgbálẹ̀.

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ?"

"Bàbá Nestor."

"O rí i?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Inú ihò lohùn ti wá."

"Kí ló dé tó o fi sọ ọ́? Ṣé o ò ní ọpọlọ lórí ni?"

Efemia kò bínú. Ó jọ pé kò ṣẹ́ ku ìbínú kankan nínú rẹ̀. "Ẹ̀rù bà mí, sà. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ló fò lọ. Ohùn yẹn nìkan ni mo gbọ́kàn lé. Ó sọ, mo sọ. Ó sọ, mo sọ. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ."

"Kó tó di ọ̀rọ̀ yẹn, ṣé ohun tó tọ́ ló ń sọ fún ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ apá kẹta. Kò fo ẹyọ kan." Ó ronú díẹ̀. "Ó tilẹ̀ dùn létí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá Nestor máa ń kà á bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ kíláàsì, á sì máa wúkọ́. A máa ń sín in jẹ. Ní apá kẹta, kò wúkọ́."

"Kò wúkọ́ rárá?"

"Rárá, sà."

Almaskhan dìde. "Òótọ́ ni, ìwọ àti Rostom?"

Nígbà náà ló tó gbójú sókè wò ó. "Ẹ̀yin náà?" ó sọ.

*

Rostom ń fọ ẹṣin rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

"Mi ò fọwọ́ kàn án rí," ó sọ. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti àná, gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ń ra ọtí fún mi."

"Apá kẹta, kí ni ọ̀rọ̀ tìẹ tó ṣáájú ti Efemia?"

"Ọ̀rọ̀ tèmi?" Rostom họ orí. "Mo ní... 'Ọ̀gá mi, ọmọ yín nìyí.' Àbí 'ọmọbìnrin yín'? Bàbá Nestor ló máa ń sọ ọ́ fún mi. Èmi kì í kọ́ ọ, ó ti pọ̀ jù."

Nígbà tí wọ́n jáde, Tedo ní: "Ó jọ òpùrọ́ lójú mi."

"Òmùgọ̀ ni. Gbọ́, Tedo. Wọ́n ti pa Nestor kí apá kẹta tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn jáde lọ mu wáìnì. Ẹsẹ̀ ń dun bàbá náà, kì í kúrò nínú ihò títí eré á fi parí. Ẹni yẹn wọlé tọ̀ ọ́ lọ, ó fún un lọ́rùn, àbẹ́là ṣubú, ó ṣẹ́, òkú sì ṣubú lé e lórí. Báwo ni apàniyàn ṣe wá ka ìwé láìsí iná?"

Tedo la ẹnu sílẹ̀. "Kò ka ìwé."

"Kò ka ìwé. Ó kúnlẹ̀ lórí Nestor nínú òkùnkùn, ó sì sọ gbogbo apá kẹta ní àkọ́sórí. Ẹni tí kò lè rántí gbólóhùn kan ṣoṣo kọ́ ló ṣe é."

Spiridon ni wọ́n lọ bá. Òun ló dá ẹgbẹ́ eré náà sílẹ̀, òun ló sì kọ eré yẹn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń sunkún.

"Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n tán lórí," ó sọ, ó sì wá mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. "Ẹ jọ̀ọ́! Èmi ni mò ń fa okùn aṣọ ìtàgé. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló rí mi!"

"Mo rí yín náà. Ẹ dákẹ́ ẹkún." Almaskhan tẹ́ áńkáṣíìfù sórí tábìlì. "Kí lẹ rò pé èyí jẹ́?"

Spiridon fi ìka kàn án. "Irun ẹṣin nìyí. A máa ń fi di irun fún Kitesa, kó gùn dé ìdí rẹ̀."

"Ta ni Kitesa?"

"Onígbàjámọ̀. Òun ló máa ń ṣe obìnrin fún wa látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bùn ńlá ni, sà. Ìyá arúgbó máa ń dákú tó bá ń sunkún. Ṣùgbọ́n ayé ti ń yí padà, ní ìlú Tiflis, obìnrin ló ń ṣe obìnrin báyìí. Mo ní kó máa kun ojú àwọn yòókù."

"Kí ló sọ nígbà tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Ó ní ó dáa. Ó wá ní kí n jẹ́ kóun máa wà níbi ìdánrawò, kóun lè máa bá Efemia tún aṣọ ṣe."

"Irun ẹṣin náà dà?"

"Ó ní ó ti sọ nù."

*

Almaskhan jókòó sórí àga onígbàjámọ̀, ó gbé ọrùn sílẹ̀ fún Kitesa. Kitesa ti lé lọ́gbọ̀n ọdún díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ funfun, ó sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Ó fi ọṣẹ pa àgbọ̀n ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà, ó ṣí abẹ.

"Wọ́n ní ìwọ lo máa ń ṣe obìnrin tẹ́lẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, sà."

"Eré tuntun yìí ńkọ́? O mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ni mo ti di etí mi. Ẹ má mira, sà." Abẹ rọra kọjá lórí ọ̀fun Almaskhan. "Ọlọ́run fún ọmọ yẹn ní ọmú, wọ́n rò pé ẹ̀bùn eré ló fún un. Ẹ rí bó ṣe ń dúró? Bí ẹni tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ ẹṣin."

"Níbo lo wà láàárín apá kejì sí ìkẹta?"

"Lẹ́yìn ìtàgé. Mò ń tún irùngbọ̀n Rostom lẹ̀."

"Rostom kò ní irùngbọ̀n ní apá kẹta."

Abẹ dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. "Á jẹ́ pé mò ń tú u nígbà náà."

Almaskhan mọ̀ pé òun ti rí ẹni tóun ń wá, ó sì mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Fọ́nrán irun méjì kò lè dá ọkùnrin lẹ́bi níwájú adájọ́. Ó ń ronú lọ, abẹ sì ń fá ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀.

"Ó dáa náà," ó sọ. "Spiridon fẹ́ tún eré náà ṣe lọ́jọ́ Sunday, kí ìtìjú ìlú lè kúrò nílẹ̀. Ọmọ olóògùn, ọmọkùnrin kan lásán, ló máa ṣe obìnrin. Mo ní kí ló dé tí wọn ò pè ọ́. Wọ́n ní láéláé. Wọ́n ní ewúrẹ́ tí wọ́n wọ síkẹ́ẹ̀tì fún lo máa ń jọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án yìí ni ọmọ olóògùn máa dán an wò."

Kitesa nu abẹ rẹ̀ gbẹ. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Àwọn ọmọ aláìmoore," ó sọ.

*

Nígbà tí oòrùn yí sí ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀kùn àká wáìnì ṣí, Kitesa wọlé. Ó ti wọ aṣọ funfun gígùn, ó ti wé orí bí àwọn obìnrin ṣe ń wé e, ìdì irun dúdú méjì sì gùn dé ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wo ara wọn. Ọmọ olóògùn jókòó padà láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ fún un. Almaskhan wà ní ìlà iwájú. Kò gbé ojú kúrò lára ìdì irun méjèèjì.

"Apá kẹta," Kitesa sọ. "Ẹ bọ́ sẹ́yìn."

Kò sẹ́nì kankan nínú ihò. Kò nílò ẹnikẹ́ni. Ó rìn wọlé bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya lórí òkúta, ó ṣubú níwájú ọkùnrin tó ń ṣe bàbá, ó gbé ojú sókè. "Bàbá, ẹ má bi mí ibi tí mo sùn," ó sọ. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Tedo fi tẹ̀ síwájú kó lè gbọ́. "Ọlọ́run nìkan ló ṣọ́ mi." Ọkùnrin tó ń ṣe bàbá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Kitesa sọ ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà gbàgbé fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láìmira ètè, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Almaskhan lè dá a dúró níbẹ̀. Kò dá a dúró. Ó jẹ́ kó ṣe é parí, kó dìde, kó tẹríba. Nígbà tí àtẹ́wọ́ dún, tí ojú Kitesa tàn bí ojú ìyàwó tuntun, ìgbà náà ló gun orí ìtàgé.

"Mi ò rí irú rẹ̀ rí," ó sọ, tọkàntọkàn ló sì sọ ọ́. "O ní o ò mọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀."

Kitesa ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ní irun yìí ti sọ nù." Almaskhan gbá ọ̀kan nínú ìdì irun náà mú, ó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Láàárín rẹ̀, níbi tí ọwọ́ máa ń dì mú tí èèyàn bá fẹ́ fi fún ẹlòmíràn lọ́rùn, irun ti já. Ọ̀rá àbẹ́là funfun ti dì mọ́ ọn wínníwínní. "Èmi ì bá ti jù ú sínú iná."

"Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dì í fún mi," Kitesa sọ.

"Ìyẹn ni pé ìwọ ni."

"Ẹ rí i bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí! Ẹ wá mú ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀." Ó kọjú sí Spiridon. "Mo fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín, kó má lè padà wá mọ́ láé. Wọ́n sì rẹ́rìn-ín."

"Nestor ńkọ́?" Spiridon kígbe. "Kí ni bàbá yẹn ṣe fún ọ?"

Ó dà bíi pé ìbéèrè náà ya Kitesa lẹ́nu. "Kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ó jókòó síbi tí mo fẹ́ jókòó sí ni."

Tedo so ọwọ́ rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó bọ́ aṣọ funfun náà. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ń ju pàǹtí àjàrà lù ú, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lé wọn.

*

Gigla gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì ń pọ́n ọ̀bẹ lọ.

"Ẹ ṣé," ó sọ. "Ṣùgbọ́n ẹnu àbúrò mi ló ti jáde, ìlú sì ti gbọ́. Ọkùnrin kan wà lórí òkè tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó ní òun á fẹ́ ẹ. Lọ́la ló ń lọ."

"O gbọ́ ohun tí mo sọ? Wọ́n tàn án ni. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

"Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn lọ́jà, sà. Ẹ wò ó bóyá wọ́n á gbọ́."

Almaskhan wọ inú yàrá lọ. Ó rò ó fún Efemia látìbẹ̀rẹ̀, irun, àbẹ́là, ihò, bí Kitesa ṣe wá fúnra rẹ̀. Ó rò pé á sunkún, tàbí á ṣépè.

"Ó ṣe apá kẹta?" Efemia bi í. "Ó ṣe é tán?"

"Ó ṣe é tán."

"Ṣé ó dára?"

Almaskhan lè purọ́. Bóyá ẹlòmíràn ì bá ti purọ́. "Ó dára jù ọ́ lọ fíìfíì," ó sọ.

Ọmọbìnrin náà mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún tó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ti ògiri, ó dìde dúró. "Ìgbà wo ni wọ́n máa gbé e lọ sí Telavi?"

"Lọ́la."

"Á jẹ́ pé ọjọ́ kan náà làwa méjèèjì ń lọ. Ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, sà. Mo fẹ́ kó kọ́ mi."

"Ìwọ? Lọ́dọ̀ ẹni tó ba ayé rẹ jẹ́? Orí òkè lò ń lọ. Ta lo fẹ́ ṣeré fún níbẹ̀, àgùntàn?"

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe ṣe é."

Gigla kò dá wọn dúró. Ó kàn ju aṣọ kan sí i kó fi bo orí, Efemia sì jẹ́ kí aṣọ náà ṣubú sílẹ̀. Ó gba àárín ọjà kọjá pẹ̀lú orí fífá àti ojú wíwú. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ sí i, wọ́n pe orúkọ Rostom. Almaskhan ń tẹ̀ lé e, ojú ń tì í, kò sì mọ ẹni tójú ń tì í fún gan-an.

Kitesa jókòó lẹ́yìn irin nínú aṣọ funfun tí wọ́n ti fi àjàrà bà jẹ́. Wọ́n ti gba irun lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí ẹni tó wọlé, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kò tọrọ àforíjì. Efemia náà kò béèrè fún un. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níwájú irin, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, ẹ má bi mí..."

"Rárá," Kitesa sọ, ó sì sún mọ́ irin náà. "O ti yára jù. Gbé àgbọ̀n rẹ sókè."